Yíyan Wáàsì Tàbí Síláǹtì fún Ọkọ̀ Nígbà Òtútù ní Àgbádárìgì

Àgbádárìgì kì í tutù bí ìlú òyìnbó, èmi náà mọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá jí ní agogo mẹ́fà àárọ̀ nínú oṣù Kejìlá, tó sì gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó sùn síta mọ́jú, yóò rí i pé irin náà tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, ìrì yóò sì ti bò ó bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi lé e lórí. Bákan náà ni nínú oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú fún ọjọ́ mélòó kan tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ wọlé, òtútù a máa mú débi pé àwọn ọlọ́jà létí ọ̀sà á wọ súwẹ́tà. Ìgbà méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ́tò máa ń rántí pé ó yẹ kí àwọn kun wáàsì sára ọkọ̀, torí oòrùn kò le, ara sì tù wọ́n láti ṣiṣẹ́. Èrò náà dára. Ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni pé agolo tí wọ́n rà kò bá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mu.

Mo ti jẹ nínú ìyà yìí rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mo fẹ́ kí ọkọ̀ mi dán lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Àgbárá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kun wáàsì kó tó di agogo méje. Mo ti fi aṣọ nu ìrì kúrò, mo rò pé ó parí. N kò mọ̀ pé bí mo ṣe ń nu apá kan ni ìrì mìíràn ń sẹ̀ sí apá kejì, nítorí irin náà ṣì tutù. Wáàsì kọ̀, kò gbẹ, eruku ọyẹ́ sì rí ibi lẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo fi máa dé Àgbárá, ọkọ̀ dúdú náà rí bí ẹsẹ̀ ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò fi òróró pa lára. Ọjọ́ kejì ni mo tó rí àyè fọ gbogbo rẹ̀ dànù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú òtútù tó wà níwájú yín

Ọ̀pọ̀ síláǹtì, ìyẹn ohun ìbo ọ̀dà ọkọ̀ tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe dípò ìda, ni wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kí a má ṣe lò ó bí ojú ọjọ́ bá tutù ju 10°C lọ. Àwọn tó ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí tiwa dé, ẹ wo ìgò òróró àgbọn tó wà nínú ilé yín, nítorí kò sí ilé kan ní Àgbádárìgì tí ẹ óò ti wá a tì. Òróró àgbọn a máa bẹ̀rẹ̀ sí dì bí ooru bá wálẹ̀ kọjá nǹkan bí 24°C. Ní àárọ̀ tó bá dì gbagidi nínú ìgò, tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé òtútù mú, a ṣì jìnnà púpọ̀ sí 10°C tí àkọlé ara agolo ń bẹ̀rù. Nítorí náà, òtútù fúnra rẹ̀ kọ́ ni ọ̀tá wa. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá wa nígbà òjò àti ní àárọ̀ kùtù, eruku ni ọ̀tá wa nígbà ọyẹ́, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ló sì ń bá wa jà láti oṣù Kìíní títí dé oṣù Kejìlá. Lójú tèmi, ẹni tó bá fi ohun mẹ́ta yìí sọ́kàn nígbà tó ń yan wáàsì kò ní ṣìnà, bí kò tilẹ̀ ka òtútù sí rárá.

Ti ìlú òyìnbó yàtọ̀. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Winnipeg ní Kánádà pè mí nígbà kan pé òun fẹ́ kun ọkọ̀ òun nínú oṣù Kìíní, mo sì sọ fún un pé kó yáa dúró, tàbí kó wá gàráàjì tó ní ẹ̀rọ amúlégbóná, torí lójú títì wọn lásìkò náà, omi tí yóò fi fọ ọkọ̀ yóò dì sára rẹ̀ kó tó mú aṣọ. Ìparí oṣù Kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ló dára fún wọn jù, kí yìnyín tó dé. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé iyọ̀ kan náà tó ń fẹ́ wá bá wa láti inú òkun Àtìláńtíìkì ni wọ́n ń fi owó ìlú rà, tí wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́, ìyẹn náà sì ń jẹ ọkọ̀ wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ohun tó wà nínú agolo

Wáàsì gidi ni ìda. Èyí tí àwọn onímọ́tò ń gbé gẹ̀gẹ̀ jù ni carnauba, tí a ń rí lára ewé irú ọ̀pẹ kan tó ń hù ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ọ̀pẹ náà ló ń fi ìda yìí bo ewé ara rẹ̀ kí ọ̀dá má baà fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Àwọn àgbẹ̀ a gé ewé náà, wọ́n a sá a, wọ́n a sì lù ú títí ìda yóò fi gbọ̀n sílẹ̀. Carnauba le púpọ̀, kì í yọ́ àyàfi tí ooru bá tó nǹkan bíi 82 sí 86°C. Nítorí èyí, àwọn tó ń ṣe wáàsì máa ń fi òróró àti èròjà olóòórùn tó jọ tínà pò ó kó lè rọ̀. Èròjà olóòórùn yìí gbọ́dọ̀ fẹ́ lọ kí wáàsì tó gbẹ. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, a máa lọ́ra láti fẹ́ lọ, inú agolo náà a sì le bí òrí ṣe ń le nígbà ọyẹ́. Dídán rẹ̀ dùn-ún wò, pàápàá lára ọkọ̀ dúdú àti pupa, ṣùgbọ́n kì í pẹ́: oṣù méjì ni a máa ń fojú sọ́nà fún, oòrùn wa sì lè dín in kù.

Síláǹtì kì í ṣe ìda. Àwọn oníṣẹ́ kẹ́míkà ló ṣe é kó lè di awọ fẹ́lẹ́ kan tó dì mọ́ ọ̀dà ọkọ̀. Oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n máa ń ṣèlérí lára ike rẹ̀. Dídán rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi dígí, kò ní ìjìnlẹ̀ ti carnauba, ṣùgbọ́n ó fara da ooru àti omi iyọ̀ jù ú lọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó nílò àkókò: púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ wákàtí 12 sí 24 láìjẹ́ pé omi kàn wọ́n kí wọ́n tó dì mọ́ra dáadáa, òtútù sì máa ń mú kí dídì náà falẹ̀. Nínú oṣù Keje ní Àgbádárìgì, ẹni tí kò ní ibi tó bo orí ọkọ̀ rẹ̀ kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò rí wákàtí 24 láìsí òjò.

Ẹ̀yà kẹta ni síláǹtì afínfín, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní èròjà sílíkà. Èyí ni wọ́n ń fín sára ọkọ̀ tí wọ́n sì ń nù kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Irú kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń fín sára ọkọ̀ tó ṣì tutù fún omi, tí wọ́n sì ń fi omi púpọ̀ ṣàn kúrò. Kì í pẹ́ tó síláǹtì olómi tí mo kọ́kọ́ sọ, àmọ́ ìyára rẹ̀ ló mú kó wúlò nígbà tí òjò kò fúnni láyè.

Ẹ má ṣe fi pọ́líìṣì pe wáàsì o. Pọ́líìṣì ń họ ojú ọ̀dà, wáàsì ń bò ó. Kílíà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tí pẹ́ńtà fi ń kásẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀, kò nípọn tó irun orí ènìyàn, nítorí náà ẹni tó bá ń fi pọ́líìṣì ha ọkọ̀ lóṣooṣù yóò họ kílíà tán láìpẹ́. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ “cleaner wax” lára agolo, ẹ mọ̀ pé ohun tó ń họ nǹkan wà nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá yan èyí tó bá yín mu

Bí ẹ bá ní ibi tó bo orí ọkọ̀, tí ẹ sì lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, síláǹtì olómi ni kí ẹ rà, yálà nígbà òjò tàbí nígbà ọyẹ́. Òun ni mo fọwọ́ sí jù fún ẹnikẹ́ni tó ń gbé láti Ajárá dé Sẹ̀mẹ̀, nítorí iyọ̀. Ẹ mú olómi, ẹ fi alágolo líle sílẹ̀, torí olómi máa ń tẹ́ fẹ́lẹ́ láìjẹ́ kí ènìyàn tẹ̀ ẹ́ kankan nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù.

Bí ọkọ̀ yín bá ń sùn síta, tó sì jẹ́ àsìkò òjò, ẹ má wulẹ̀ fi síláǹtì olómi ṣe òfò. Ẹ lo afínfín, kí ẹ sì máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan lóṣù títí òjò yóò fi lọ. Bó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́ ni ọkọ̀ ń sùn síta, òjò kì í rọ̀ púpọ̀, ẹ lè lo síláǹtì olómi, ṣùgbọ́n ẹ fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà wá ibì kan tó bò, ìbáà jẹ́ abẹ́ páànù alájọgbé yín, kí ìrì alẹ́ má baà sẹ̀ lé e ní òru àkọ́kọ́. Ẹni tó fẹ́ràn carnauba lè kùn ún lé síláǹtì lórí lẹ́yìn ọjọ́ kan. Èmi máa ń ṣe é fún ọdún Kérésì, mo gbà pé àṣehàn ni.

Ti “ceramic coating” tí gbogbo ènìyàn ń sọ báyìí, ìyẹn ohun ìbo olómi tó máa ń le koránkorán lára ọ̀dà, n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún níhìn-ín. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wa máa ń mú kí ojú rẹ̀ tètè gbẹ, ibi tí ẹ kò bá tètè nù á sì di àbàwọ́n tí pọ́líìṣì nìkan lè mú kúrò. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, nínú yàrá tó dé.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ yẹ ọmọrí agolo wò bóyá wọ́n ti ṣí i rí, ẹ mì í, kí ẹ sì ka ohun mẹ́ta lára rẹ̀: irú ojú ọjọ́ tó yẹ kí a lò ó, iye wákàtí tí kò gbọdọ̀ rí omi, àti bóyá inú oòrùn ni tàbí abẹ́ òjìji. Èyí tí kò bá kọ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo máa ń dá a padà sórí káńtà. Ohun tí wọ́n ń fín sí dáṣíbọọ̀dù kì í ṣe wáàsì, bó ti wù kó dán tó.

Ohun kan kù kí ẹ tó ná owó. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà dé, ẹ má ṣe fi wáàsì tàbí síláǹtì kàn án fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Ọ̀dà tuntun ṣì ń mí síta, bí ẹ bá sì dí i lẹ́nu, ó lè ṣókùnkùn tàbí kó máa wú kéékèèké.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fífọ̀

Nígbà ọyẹ́, ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu eruku kúrò. Eruku náà ti inú aṣálẹ̀ Sàhárà wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì. Iyanrìn tó kúnná ni, aṣọ gbígbẹ yóò sì sọ ọ́ di sáńdípépà. Omi púpọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dà lé ọkọ̀ láti òkè wá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lo bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún fífọ fóòmù kó tó padà sínú ọṣẹ. Ọṣẹ ọkọ̀ ni kí ẹ lò. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀ẹ̀fùn a máa fọ ààbò ara ọkọ̀ dànù, nítorí náà mo gbà kí ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan péré, bí ẹ bá fẹ́ mú ògbólógbòó wáàsì kúrò kí ẹ tó kun tuntun.

Ọmọkùnrin kan níbi ìfọkọ̀ létí òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì ti sọ fún mi rí pé, “Dádì, ẹ jẹ́ kí n fi kẹrosíìnì díẹ̀ nù ún, á dán gbinrin.” Mo ní, “Ọmọ mi, á dán lónìí, ṣùgbọ́n eruku ni yóò fi ṣe oúnjẹ lọ́la.” Ọ̀rá kẹrosíìnì tó bá kù lára ọ̀dà kì í jẹ́ kí síláǹtì rí ibi dì mú. Ẹ kọ̀ ọ́ fún wọn.

Omi kànga àti ti bọ́họ̀ọ̀lù ládùúgbò tó súnmọ́ òkun tàbí ọ̀sà a máa ní iyọ̀ nínú, bó bá sì gbẹ sára ọkọ̀ a fi àmì funfun róbótó-róbótó sílẹ̀. Nígbà òjò, omi òjò ni mo fi ń ṣan ọkọ̀ mi kẹ́yìn: ẹ jẹ́ kí ọ̀wàrà àkọ́kọ́ fọ orí páànù tán, kí ẹ tó gbé garawa sí i. Kò sí omi tó dára jù ú lọ fún iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ sì ni.

Bí ọkọ̀ bá ti mọ́, ẹ ki ọwọ́ bọ inú náílọ̀n fẹ́lẹ́, kí ẹ sì rọra fi pa ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Náílọ̀n náà yóò jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ ohun tí ojú kò rí. Bó bá ń ha yín lọ́wọ́ bí awọ ẹja, amọ̀ ìfọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní “clay bar”, ni kí ẹ fi fà á pẹ̀lú omi ọṣẹ títí yóò fi jọ̀lọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: gbígbẹ, ibi tí òtútù ti ń tan ènìyàn jẹ

Ẹ fi aṣọ máíkírófáíbà nu ọkọ̀, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti búùtù, ẹ nu ẹ̀gbẹ́ wọn, ẹ sì gbá dígí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí omi tó sá pamọ́ síbẹ̀ lè jáde. Lẹ́yìn èyí, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú 20. Ìdúró yìí ni n kò ṣe ní ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin ní òkè ọkọ̀, ní bọ́nẹ́ẹ̀tì àti nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Bó bá ṣì tutù bí ara ìgò ọtí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fìríìjì jáde, ìrì yóò tún sẹ̀. Bó bá gbóná débi pé ẹ kò lè gbé ọwọ́ lé e fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, wáàsì yóò gbẹ mọ́ ọn lójijì. Èyí tí a ń fẹ́ ni irin tó lọ́wọ́ọ́wọ́ níwọ̀nba. Nígbà ọyẹ́, láàárín agogo mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀ ni mo máa ń rí i bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òjìji. Nígbà òjò, ó sàn kí ẹ sún un sí ọ̀sán.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kíkùn

Ẹ jẹ́ kí ike síláǹtì sùn nínú ilé mọ́jú, kó má sùn síta. Bó bá jẹ́ wáàsì alágolo ló sì le jù, ẹ gbé agolo náà sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má ṣe gbé e sórí sítóòfù tàbí súnmọ́ iná rárá, èròjà olóòórùn inú rẹ̀ a máa gba iná.

Díẹ̀ ni kí ẹ fi sórí fóòmù, kó má tóbi ju owó wẹ́wẹ́ lọ. Ẹ máa kun apá kan lẹ́ẹ̀kan: ìdajì bọ́nẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ìdajì kejì. Àṣejù nínú kíkùn ló pọ̀ jù nínú àṣìṣe tí mo ń rí. Awọ tó nípọn kì í dáàbò bo ọkọ̀ jù, ńṣe ni yóò kàn pẹ́ kó tó gbẹ, nígbà òtútù pàápàá. Ẹ yẹra fún ike dúdú etí dígí àti bọ́ńpà tí kò ní ọ̀dà, torí wáàsì a máa fi àwọ̀ funfun sílẹ̀ níbẹ̀ tó ṣòro láti mú kúrò.

Láti mọ̀ bóyá ó ti tó nù, ẹ fi ìka kan fa ìlà láàárín ohun tí ẹ kùn. Bí ibẹ̀ bá mọ́ kedere, ó ti ṣe tán. Bó bá fà bí ọ̀rá, ẹ fi í sílẹ̀ sí i. Èyí tó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà ooru lè gba ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ tó tutù tó sì lọ́rinrin, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìka yín sọ fún yín, ẹ má wo aago. Ẹ wá fi aṣọ mímọ́ kan nù ún, kí ẹ fi èkejì dán an. Síláǹtì afínfín kò ní ìdúró yìí: ẹ fín in sára aṣọ, ẹ nu apá kan, ẹ sì yí aṣọ padà kó tó gbẹ.

Ohun tó kù

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ da omi lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ń ṣù róbótó tó sì ń yọ̀ lọ bí ìgbà tí omi bá bọ́ sórí ewé kókò, iṣẹ́ náà jẹ́. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ọkọ̀ tó mọ́, àkókò ti tó láti kun òmíràn. Ní Àgbádárìgì, èmi máa ń kun síláǹtì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìparí oṣù Kẹwàá kí ọyẹ́ tó dé, àti nínú oṣù Kẹrin kí òjò tó le, mo sì ń fi afínfín kún un láàárín wọn. Bí ẹ bá wa ọkọ̀ lọ sí etí òkun, ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣàn án kí ilẹ̀ tó ṣú, àti abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí kò sí wáàsì kan tó dé abẹ́ ọkọ̀, kò sì sí èyí tó lè dá ìpẹtà tó ti bẹ̀rẹ̀ dúró. Bí ẹyẹ bá yàgbẹ́ sára rẹ̀, ẹ fi omi rẹ ẹ́ kí ẹ tó nù ún, kó má sùn mọ́jú.

Agolo tó bá ṣẹ́kù, ẹ dé e pa, kí ẹ sì gbé e sínú ilé. Ẹ má ṣe jù ú sínú búùtù ọkọ̀, torí bí oòrùn oṣù Kejì bá dé, òróró inú rẹ̀ yóò léfòó, ìda yóò sì wà nísàlẹ̀, mímì kankan kò sì lè dà wọ́n pọ̀ mọ́.